Yunifọ́ọ̀mù Ọlọ́pàá Tí Mo Gbé Kọ́ Fèrèsé Takisí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lójú ọ̀nà Oǹdó. Kò tíì pé oṣù kan tó ṣẹlẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ síta nítorí ìtìjú, àmọ́ ìyàwó mi ti sọ ọ́ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, kí ló tún kù tí mo ń bò mọ́lẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé télọ̀ ni mí. Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́ níbí, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ rí á sì rántí páálí kan tí mo lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ohun tí mo kọ sí i ni pé: A KÌ Í RÁN AṢỌ ỌLỌ́PÀÁ NÍBÍ.

Ó nídìí tí mo fi kọ ọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọlọ́pàá ń lé àwọn kan láàárín ìgboro Àkúrẹ́, èmi ń ra òwú tèmi jẹ́jẹ́. Gbogbo èèyàn ń sá, èmi ò sá, nítorí mi ò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni àṣìṣe mi! Ọ̀kan nínú wọn gbé kóńdó, ó là á mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́ òsì, ó sì sáré kọjá lọ. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi lè ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Títí di òní, tí òtútù bá mú, ọwọ́ náà á máa ro mí. Ẹ sọ fún mi, télọ̀ tí kò lọ́wọ́, kí ni wọ́n ń pè é?

Ọjọ́ tí ọwọ́ náà jinná ni mo kọ páálí yẹn. Mo búra pé abẹ́rẹ́ mi ò ní gba ara aṣọ ọlọ́pàá kọjá láéláé.

Àmọ́ Ìyá Tósìn wà ládùúgbò wa. Ọlọ́pàá ni, Ìnsípẹ́kítọ̀, Oǹdó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan náà la jọ ń lọ, ó wà nínú kóòyà, ohùn rẹ̀ máa ń ga ju ti gbogbo wọn lọ. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi dákú níwájú ilé, tí èmi wà nínú ọjà Àkúrẹ́ níbi tí mo ti ń wá aṣọ ìtẹ́nú, Ìyá Tósìn ló gbé e sínú mọ́tò ara rẹ̀, ó gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì jókòó tì í títí mo fi dé. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èèyàn á wí fún pé òun ò rán aṣọ?

Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, èyí tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbé òun ga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fẹ́ fi àmì ipò tuntun sí òun léjìká ní Oǹdó, ní ìṣojú àwọn ọ̀gá àtàwọn mọ̀lẹ́bí. Télọ̀ tó rán yunifọ́ọ̀mù òun tẹ́lẹ̀ ti há a jù, tí òun bá wọ̀ ọ́, òun ò lè mí.

Ó ní, "Bàbá Bùnmi, mo mọ ohun tí ẹ kọ sí ẹnu ọ̀nà yín. Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á tí mo bá ń kọjá. Mo ń bẹ̀ yín ni."

Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rán yunifọ́ọ̀mù ọlọ́pàá nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi, tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí bí ẹni tó ń jẹun nínú ààwẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo rán aṣọ náà! Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀. Mo gé e bó ṣe yẹ, mo fi àyè ìmí sílẹ̀ ní ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀, mo sì rán ègé aṣọ funfun kékeré sínú rẹ̀, mo kọ "Ìyá Tósìn" sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ṣe sí gbogbo aṣọ oníbàárà mi, kí aṣọ má baà pààrọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ìyá Tósìn ti sùn sí Oǹdó láti ṣètò. Ètò náà máa bẹ̀rẹ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán. Mo ní kó má ṣèyọnu, èmi fúnra mi á gbé aṣọ náà wá. Láàárọ̀, mo lọ̀ ọ́, mo tún un lọ̀, mo gbé e kọ́ háńgà, mo fi náílọ́nù funfun tó mọ́ gaara bò ó, mo sì gba gárééjì lọ.

Ìjókòó iwájú ni mo mú nínú takisí. Èmi nìkan ló sì gbà, nítorí ikùn mi kì í fàyè gba ẹnìkejì. Mo fẹ́ gbé aṣọ náà lé itan, àmọ́ dẹ́rẹ́bà rí i, ojú rẹ̀ sì là. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e kọ́ òkè fèrèsé yín níbẹ̀ yẹn. Kò ní rún."

Kò ní rún! Ọ̀rọ̀ tí télọ̀ fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e kọ́, mo tún náílọ́nù rẹ̀ ṣe dáadáa. Mi ò mọ̀ pé ọ̀gbẹ́ni yìí ní ète tirẹ̀. Ẹ ṣáà mọ àwọn dẹ́rẹ́bà ojú ọ̀nà wa. Tí wọ́n bá rí fìlà ọlọ́pàá lásán, wọ́n á gbé e síwájú mọ́tò kí wọ́n lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Áḿbọ̀ǹtórí odindi yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀!

A dé ṣẹ́kìpọ́ìntì àkọ́kọ́. Ọlọ́pàá kan na ọwọ́ pé ká dúró. Ó wo aṣọ tó wà lójú fèrèsé, ó wo irun funfun orí mi, ó wo ikùn mi. Lójijì ló dúró ṣánṣán, ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. Dẹ́rẹ́bà tẹ iná mọ́tò, a ti lọ.

Mo bi í pé ta ni wọ́n ń kí. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Màmá àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn mi tó ń padà sílé ní Oǹdó, ó gbé agbọ̀n adìẹ kan sórí ẹsẹ̀. Òun ló rẹ́rìn-ín jù. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ kú uṣẹ́ o!"

Ó yẹ kí n gbé aṣọ náà kúrò níbẹ̀ nígbà yẹn. Mo mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi mọ́, ìyàwó mi ti sọ ọ́ tó.

Ṣùgbọ́n ẹ gba tèmi rò. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, èmi ni wọ́n ń sọ fún pé kí n bọ́ sílẹ̀, èmi ni wọ́n ń bi pé níbo ni mò ń lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ọlọ́pàá máa kí mi! Nígbà tá a dé ṣẹ́kìpọ́ìntì kejì, mo ti múra sílẹ̀. Bí ọlọ́pàá ibẹ̀ ṣe kí mi báyìí, mo gbé ìka méjì síwájú orí, mo mi orí díẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi! Èmi, Bàbá Bùnmi, télọ̀ Ọ̀bà-Ilé! Màmá Oǹdó rẹ́rìn-ín títí adìẹ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ohun tá ò mọ̀ ni pé àwọn ti ṣẹ́kìpọ́ìntì kejì ti pe àwọn ti ẹ̀kẹta lórí fóònù pé ọ̀gá kan ń bọ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ ká wọ Oǹdó, a rí ọlọ́pàá mẹ́ta tí wọ́n tò sójú kan, gbogbo wọn dé fìlà, wọ́n ti bọ́tìnnì dé ọrùn. Inú mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré.

Ọ̀kan nínú wọn ga gbọọrọ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Gbọọrọ. Ó kí mi, ó sún mọ́ fèrèsé, ó fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Ẹ káàbọ̀, sà. Tẹ́ṣàn wo ni ẹ ti wá, sà?"

Mo wo dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà ń wo ojú ọ̀nà bíi pé ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ni. Mo ní, "Ọmọ mi... rárá, ẹ má bínú. Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá. Télọ̀ ni mí."

"Télọ̀ kẹ̀?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Àwọn méjì yòókù ń wò ó. Àṣé òun ló kígbe jù nínú ìkíni yẹn. Ó ní ìwọ tí o kì í ṣe ọlọ́pàá lò ń gba ìkíni ọ̀gá láti Àkúrẹ́? Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi kọ́là ẹ̀wù fà mí jáde, kí n sì tó ṣàlàyé, ó ti gbá mi létí. Ìgbátí gidi! Etí mi ń dún gbììì.

Lẹ́yìn náà ló gbé ìbọn síwájú, ó ní, "Gbé ọwọ́ sókè!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yẹ kí n gbé ọwọ́ sókè. Ohun tí orí pípé sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kóńdó ọjọ́sí ni mo rí. Mo rí ọwọ́ òsì mi nínú bàńdéèjì, mo rí máṣíìnì tí kò ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Dípò kí n gbé ọwọ́ sókè, ṣe ni mo kó méjèèjì sẹ́yìn, mo sì di ara wọn mú pinpin.

Gbọọrọ kígbe pé, "Kí lò ń fi pa mọ́ sẹ́yìn? Mú ọwọ́ rẹ jáde!"

Mo ní, "Ẹ nà mí níbi tó bá wù yín, ẹ má ṣáà nà mí lọ́wọ́!"

"Mo ní mú ọwọ́ jáde!"

"Mi ò mú un jáde!"

Bí mo ṣe ń pa ọwọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà á pé nǹkan ìjà wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rù ṣe ń bà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ìbọn ń sún mọ́ mi láyà. Mo ronú kan Bùnmi ọmọ mi. Mo tún ronú pé aṣọ Ìyá Tósìn ti ń yọ̀ lórí háńgà, ó máa tó kanlẹ̀.

Ẹni tó gbà mí sílẹ̀ kò ju màmá Oǹdó yẹn lọ. Ó gbé agbọ̀n adìẹ rẹ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rọra rìn yí mi po títí ó fi dé ẹ̀yìn mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi dáadáa bí ẹni tó ń wo iṣu lọ́jà. Ó wá kígbe sí Gbọọrọ pé, "Ọma mi, ṣe sùúrù! Mo ti wò ó. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni! Ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin yìí, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ba ìwọ náà!"

Gbọọrọ dúró. Mi ò mọ̀ bóyá ohùn màmá ló dá a dúró tàbí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn rọra lọ sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Sájẹ́ǹtì wọn tó yọ jáde lábẹ́ igi. Ọkùnrin títóbi ni, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó sọ fún Gbọọrọ pé kó sún sẹ́yìn. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ ní télọ̀ ni yín. Ẹ̀rí dà?"

Káàdì ẹgbẹ́ télọ̀ mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ máṣíìnì. Mo ní kó wo inú ìbàdí ṣòkòtò náà, á rí orúkọ ẹni tó ni ín. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kà á sókè: "Ìyá Tósìn." Ó ní, "Ìyá Tósìn wo nínú gbogbo Ìyá Tósìn ayé?" Àwọn èrò ọkọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ̀ bóyá ó yẹ.

Ó ní ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ sínú aṣọ. Ó wá dúró síwájú mi, ó na apá méjèèjì, ó ní, "Ó dáa. Tó bá jẹ́ télọ̀ ni yín lóòótọ́, ìbàdí mi jẹ́ ínṣì mélòó?"

Há! Sájẹ́ǹtì ò mọ ohun tó béèrè. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́, iṣẹ́ ló kù! Mo wò ó látòkè délẹ̀. Mo ní, "Ínṣì mẹ́rìnlélógójì. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò tí ẹ wọ̀ yẹn, méjìlélógójì ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè ti ìkọ́ òkè rẹ̀, bẹ́líìtì ni ẹ fi bò ó. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ lójijì o, nítorí ojú rírán ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́ tú."

Sájẹ́ǹtì fọwọ́ kan ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá méjì yòókù sá lọ sẹ́yìn igi kí ó lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Màmá Oǹdó ní, "Télọ̀ ni! Ẹ fi í sílẹ̀, télọ̀ ni!"

Ó yẹ kí n pa ẹnu mọ́ níbẹ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ mí. Mo kọjú sí Gbọọrọ, mo ní, "Ẹ̀yin náà, wọn ò gé ẹ̀wù yẹn fún yín. Èjìká rẹ̀ ti wọ́ sí apá, ọrùn rẹ̀ gba èèyàn méjì. Ta ni aṣọ náà tẹ́lẹ̀?"

Gbọọrọ wolẹ̀. Sájẹ́ǹtì ló sọ fún mi pé ẹnìkan tó ti fẹ̀yìn tì ló fi aṣọ náà sílẹ̀ fún un. Mo wá tún un wò. Nínú aṣọ fífẹ̀ yẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ Bùnmi mi. Àmọ́ etí mi ṣì ń gbóná o. Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé.

Mo fún Sájẹ́ǹtì ní nọ́ńbà Ìyá Tósìn, ó pè é, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé télọ̀ kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó gbé yunifọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu obìnrin yìí!

"Ṣé aṣọ mi ò tíì rún?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan Gbọọrọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá Tósìn yí padà. Ó ní, "Bàbá Bùnmi, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn yín níbẹ̀?"

Dẹ́rẹ́bà ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n sọ pé rárá, kí a máa lọ. Sájẹ́ǹtì ń wo ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀. Gbọọrọ ń wò mí, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀ mí.

Tí mo bá sọ pé rárá, ó parí síbẹ̀ nìyẹn, tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Èmi náà fẹ́ràn kí nǹkan parí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹni tó na ọwọ́ mi ọjọ́sí, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nípa rẹ̀ rí. Kò sí ẹnikẹ́ni rí! Ẹnìkan wá béèrè lónìí, ṣé kí n wá purọ́ fún un?

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Tósìn. Ọ̀kan nínú wọn gbá mi létí, ó sì na ìbọn sí mi láyà. Àmọ́ èmi náà jẹ̀bi díẹ̀. Mo gbé aṣọ yín kọ́ fèrèsé, wọ́n ń kí mi bí ọ̀gá, mo sì ń dáhùn."

Ó ní, "Ìkíni tí ẹ gbà, a máa yanjú ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbátí tí wọ́n gbá yín, a máa yanjú ìyẹn ní ọ́fíìsì. Sájẹ́ǹtì, ẹ gbé wọn wá."

Agogo mọ́kànlá ti kọjá. Sájẹ́ǹtì ní kí n wọ ọkọ̀ wọn. Màmá Oǹdó ní irọ́ ni, wọn ò ní gbé òun nìkan sílẹ̀, òun ni ẹlẹ́rìí, tí wọ́n bá gbé mi lọ, kí wọ́n gbé òun àti adìẹ òun lọ. Wọ́n gbé e. Gbọọrọ ni Sájẹ́ǹtì ní kó máa di háńgà mú lẹ́yìn. Títí a fi wọ Oǹdó ni ọmọ yìí gbé aṣọ náà lọ́wọ́ sókè gangan, kò jẹ́ kó kan ohunkóhun. Dẹ́rẹ́bà wa ńkọ́? Àwọn ọlọ́pàá méjì yòókù dá a dúró, wọ́n ń wo ìwé ọkọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kan ń gbé ní Oǹdó. Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, ọjọ́ yẹn ló dúró lẹ́bàá títì! Ó rí mi láàárín àwọn ọlọ́pàá, ó sì pe ìyàwó mi pé wọ́n ti kó Bàbá Bùnmi. Nígbà tí mo fi máa wo fóònù mi, àwọn ìyá ìjọ ti kóra jọ sílé wa, wọ́n ti wà lórí àdúrà ìdásílẹ̀. Ẹ wá wo ojú mi nígbà tí mo délé pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹran!

Ìyá Tósìn wọ aṣọ náà kí agogo méjìlá tó lù. Ó bá a mu wẹ́kú. Ó mí dáadáa, ó tilẹ̀ kọrin nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wọn fi àmì tuntun sí i léjìká, ojú mi lé omi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún wọ̀nyẹn tí mo wo yunifọ́ọ̀mù ọlọ́pàá lára èèyàn fún ìgbà pípẹ́ tí ọwọ́ òsì mi ò ro mí.

Kí n tó kúrò ní Oǹdó, wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, wọ́n gba ti màmá náà. Ìyá Tósìn sọ fún mi pé wọ́n máa kọ ìwé sí Gbọọrọ láti wá wí tẹnu rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ń gé aṣọ lọ́wọ́, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Gbọọrọ ni! Kò wọ yunifọ́ọ̀mù, ó gbé báàgì kan lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àwọn ègé aṣọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò tètè ní kó dìde. Èèyàn ni mí.

Ó ní kì í ṣe pé wọ́n rán òun. Ìwé tí wọ́n kọ sí òun, òun ti dáhùn rẹ̀, òun ń retí ìdájọ́. Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, sà. Ìgbátí yẹn, ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ kó ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ̀rù ló bà mí."

Mo fi ọwọ́ òsì mi hàn án, mo sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ó wò ó pẹ́. Mo tún sọ fún un pé mo ti dárí jì í, àmọ́ mi ò ní yí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Oǹdó padà, nítorí òótọ́ ni. Ó ní òun ò wá bẹ̀ mí láti yí i padà.

Ó wá ń wo báàgì ọwọ́ rẹ̀. Mo rí apá ẹ̀wù fífẹ̀ yẹn tó yọ jáde. Ó ní, "Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dín in kù, sà. Ṣùgbọ́n mo ti ka ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà." Ó yí padà kó máa lọ.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ má tètè dáhùn o.

Mo fa tépù kúrò lọ́rùn mi. Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà tí mo bá fẹ́ wọn àyà rẹ̀. Mo ní, "Gbé ọwọ́ sókè."

Ẹnu mi ti sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ọ. Òun náà gbọ́ ọ. Ó wò mí, ó sì rọra gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo wọn àyà rẹ̀, mo wọn èjìká, mo tún àyà wọ̀n, mi ò kánjú rárá.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ó kù púpọ̀?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀. Ó máa ń pẹ́ lójú ẹni tó gbé ọwọ́ sókè, àbí?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí àga máṣíìnì.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ rèé. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má gba ìkíni tí kì í ṣe tiyín! Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù ni pé, tí mi ò bá ní nọ́ńbà Ìyá Tósìn ńkọ́? Tí màmá Oǹdó bá jókòó jẹ́jẹ́ sínú ọkọ̀ nítorí pé kò kàn án? Kò yẹ kí èèyàn ní ọ̀gá ọlọ́pàá ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó lè délé láyọ̀. Ìdí tí mo fi fọkàn tán Ìyá Tósìn ni pé ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ṣe nǹkan sí ìdáhùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá sì rí ẹni tí wọ́n fà bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má sá. Ẹ lọ wo ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kígbe ohun tí ẹ rí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lojú yín ti rí ní ṣẹ́kìpọ́ìntì, ì báà jẹ́ èyí tó pani lẹ́kún tàbí èyí tó pani lẹ́rìn-ín? Ṣé ọlọ́pàá ti bẹ̀ yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni mo máa kà. Páálí tuntun sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi: A TI Ń RÁN AṢỌ ỌLỌ́PÀÁ. ÌBỌN Ò GBỌ́DỌ̀ WỌLÉ.

Lánàá ni Gbọọrọ wá gbé aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo dá fún un, ẹ ṣáà mọ àwa télọ̀. Ó wọ̀ ọ́ níwájú dígí, èjìká bọ́ sójú èjìká, ọrùn bọ́ sójú ọrùn. Ó jáde sí títì, ó sì yí padà. Ó dúró ṣánṣán, ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ̀ pé télọ̀ lòun ń kí.